Ẹrù Tí Àṣàkẹ́ Dì Fún Mi

Ẹ pa ẹnu mọ́. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ pé jọ sí iwájú ilé mi ní ọ̀sán òní, tí ẹ ń fi ọwọ́ dí imú nítorí irú tí mo sá sórí ẹní, ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀ kí ẹ sì mí dáadáa. Òórùn yẹn ni òórùn ilé mi. Ẹni tí kò bá lè fara dà á, kí ó máa lọ sílé rẹ̀, èmi kò fi ìwé pe ẹnikẹ́ni. Èmi Ọdẹ́jìmí, tí àwọn bàbá yín ń pè ní Ẹsẹ̀-kò-kanlẹ̀ nígbà tí egungun mi ṣì le, èmi tí mo ti bá iwin jẹun nínú abọ́ kan tí mo sì jẹ ẹ́ tán kí iwin tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mi ò ní tìtorí imú yín kó irú mi wọlé.

Mọ́rẹ́nikẹ́, ìwọ tíṣà, sún mọ́ ibí. Ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àwọn yòókù kàn ń gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Wọ́n sọ fún mi pé o ṣubú sí ojú títì ní àárọ̀ yìí níbi tí o ti ń sáré, pé omi ni wọ́n dà sí ọ lórí kí o tó lajú. Wọ́n ní o fẹ́ lọ sá eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin, eré ọ̀nà jíjìn yẹn, o sì ti fi ẹran sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá, àfi ẹja díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò bá ọ jà nítorí ìyẹn. Èmi náà kì í jẹ ẹran, bẹ́ẹ̀ ọdẹ ni mí. Ṣùgbọ́n kí ni o jẹ ní àná?

"Búrẹ́dì ni, Bàbá," ni ó wí. "Búrẹ́dì àti tíì. Nígbà tó yá, mo mu gààrí."

"Ìjẹta ńkọ́?"

"Ìrẹsì ni, Bàbá, pẹ̀lú ata."

Ẹ gbọ́ ọ! Ó mú ẹran kúrò nínú abọ́, kò sì fi nǹkan kan dí àyè rẹ̀. Jókòó, ọmọ mi. Mo fẹ́ sọ fún ọ nípa ẹni kan tí ó kú nítorí irú oúnjẹ tí o jẹ ní àná yẹn. Ẹni tó jẹ oúnjẹ náà kọ́ ló kú.

Ní ìlú tí wọ́n ti bí mi, odò kan ṣoṣo ni a ní. Orísun odò náà wà lábẹ́ àpáta kan ní ilẹ̀ àwọn iwin, iwin kan tí wọ́n ń pè ní Olórísun ló sì ni ín. Ní gbogbo ogún ọdún, odò náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, a ó sì mọ̀ pé iyọ̀ ti tán lẹ́nu iwin náà nìyẹn. Asáré ọba ni yóò gbé àpò iyọ̀ lọ fún un, yóò sì mú òkúta róbótó kan bọ̀ láti ìsàlẹ̀ omi náà kí ìlú lè mọ̀ pé ó dé ibẹ̀. Ọjọ́ méje péré ni wọ́n máa ń fún un. Ó gbọ́dọ̀ fi òkúta náà lé ọba lọ́wọ́ kí oòrùn ọjọ́ keje tó kan àtàrí.

Bí asáré bá ti ń lọ, wọn yóò gbẹ́ kòtò sí ẹnu bodè. Wọn yóò mú ẹni tí òun àti asáré jọ mu ọmú ìyá kan náà, wọn yóò dá a dúró sínú kòtò náà. Onídùúró ni wọ́n ń pè é. Lójoojúmọ́ ni àwọn ará ìlú yóò máa da iyẹ̀pẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní iyẹ̀pẹ̀ á dé ọrùn ẹsẹ̀, ní ọjọ́ kejì á dé orúnkún, títí tí yóò fi dé àgbọ̀n ní ọjọ́ kẹfà. Bí asáré bá dé lásìkò, wọn yóò hú onídùúró jáde, wọn yóò wẹ̀ ẹ́, wọn yóò da aṣọ tuntun bò ó. Bí kò bá dé, iyẹ̀pẹ̀ ọjọ́ keje ló kù. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Iwin kọ́ ló ń ṣe é, ènìyàn bíi tiyín ni, wọ́n sì máa ń kí ara wọn kú iṣẹ́ bí wọ́n bá dà á tán.

Asáré ọba kì í jẹ ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn àgbà ìlú wa ní ẹran tó bá ń sáré kì í kú tán nínú ikùn, pé inú ẹsẹ̀ asáré ló ń lọ, tí ẹtu yóò máa fà á sí ọ̀tún, tí ọ̀yà yóò máa fà á sí òsì, tí kò fi ní mọ ọ̀nà ilé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yàn mí ní asáré ni mo ti ń pa ẹran fún àwọn ẹlòmíràn jẹ. Èmi fúnra mi, àfi edé nínú ọbẹ̀, àti ìgbín kan ní ọjọ́ ọdún.

Àṣàkẹ́ àbúrò mi ni ó ń bọ́ mi. Irú ṣíṣe ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó o ní ìlú wa. Yóò se èso igi igbá títí yóò fi rọ̀, yóò fi ẹsẹ̀ tẹ èèpo rẹ̀ kúrò nínú odó, yóò fọ̀ ọ́ lódò, yóò fi ewé bò ó. Ara rẹ̀ kì í bọ́ lọ́wọ́ òórùn irú, ìyẹn ni kò tíì jẹ́ kí ọkọ kan dúró. Ṣùgbọ́n ó gbọ́n jù mí lọ. Ní àárọ̀ yóò fún mi ní èkuru. Ní ọ̀sán yóò se tẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti irú tó pọ̀, yóò fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, yóò wá gbé iṣu tì í.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó máa ń wí, "iṣu lè gbé yín dé ìdajì ọ̀nà, ṣùgbọ́n iṣu ò lè tún ẹsẹ̀ yín ṣe bó bá bàjẹ́. Ẹ̀wà ló ń tún un ṣe. Tẹ̀tẹ̀ ló ń fún yín lẹ́jẹ̀. Ẹ má ṣa kan jẹ nínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Mo ń jẹ ẹ́, mo sì ń sáré. Mo bá ẹṣin Balógun sáré láti ọjà dé oko rẹ̀, mo dé ibẹ̀, mo sùn, mo jí, kí ẹṣin náà tó yọ. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ lọ bi ẹṣin náà! Gbogbo ìgbà yẹn ni mo rò pé agbára mi ni. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé inú ìkòkò Àṣàkẹ́ ni ó ti ń wá.

Nígbà tí odò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ní àsìkò tèmi, ẹnikẹ́ni kò bi Àṣàkẹ́ bóyá ó fẹ́. Òun nìkan ni ìyá mi bí tẹ̀ lé mi. Kí wọ́n tó mú un lọ sí kòtò, ó gbé ẹrù kan fún mi tí ó fi aṣọ òfì aláró rẹ̀ dì. Irú gbígbẹ wà nínú rẹ̀, róbó wà níbẹ̀, kúlíkúlí àti èkuru tí ó ti sá gbẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ti wà nínú kòtò, ó ń wò mí láti ìsàlẹ̀, kò tíì sọkún.

"Ẹ jẹ díẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ jẹ díẹ̀ lọ́sàn-án," ni ó wí. "Ẹ má fi ebi ṣe akin, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo wà níbí o."

Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀. Mo ní kí iyẹ̀pẹ̀ tó dé ìbàdí rẹ̀, màá ti dé.

Mo sáré dé ìdí igi agbálùmọ̀ tó wà ní ẹnu igbó. Atẹ́gùn fẹ́ láti ẹ̀yìn mi, òórùn irú sì gba iwájú mi lọ sínú igbó. Ẹsẹ̀ mi dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí fún yín, nítorí gbogbo ọdẹ tó wà níbí ni ì bá ṣe ohun tí mo ṣe. Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá mi kọ́ mi kí ó tó fi ìbọn lé mi lọ́wọ́ ni pé ọdẹ kì í gbé ohun tó ń rùn wọ igbó. Kò gbọdọ̀ gbé ọṣẹ, kò gbọdọ̀ gbé tábà, irú ló wá burú jù. Ó gbá mi létí lọ́jọ́ kan nítorí pé mo jẹ irú ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí a fẹ́ lọ sí oko ọdẹ, ó ní gbogbo ẹran igbó ti mọ orúkọ mi. Mo rántí ìgbátí yẹn. Mo gbé ẹrù Àṣàkẹ́ kọ́ ẹ̀ka igi agbálùmọ̀, mo mú gààrí àti iṣu sísun nìkan, mo wọ igbó lọ.

Mi ò lọ pa ẹran o. Iyọ̀ ni mo gbé, mi ò gbé ìbọn. Kò sí ohun tí mo ń sá pamọ́ fún. Ọpọlọ ọdẹ ló wà ní orí mi, n kò sì bọ́ ọ sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, mo dé ibodè àwọn iwin. Arúgbó iwin kan ló ń ṣọ́ ọ, Ìyá Olódó ni wọ́n ń pè é. Ó gùn débi pé èmi tí mo ga yìí, ìbàdí rẹ̀ ni mo ń wò. Odó kan wà níwájú rẹ̀, ó ń gún nǹkan nínú rẹ̀, kò gbé ojú sókè.

"Ó wọ ìkòkò ní líle, ó jáde ní rírọ̀," ni ó wí. "Wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò bínú. Wọ́n fi ewé bò ó, ó fi òórùn pe gbogbo ilé wá jẹun. Kí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Irú ni, ìyá."

"O mọ̀ ọ́n! Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ti kọjá. Fún mi ní ẹ̀kúnwọ́ kan, kí o máa lọ."

"Mi ò ní, ìyá. Mo fi í sílẹ̀ lẹ́yìn."

Ó wá gbé ojú sókè. "O mọ̀ ọ́n, o sì fi í sílẹ̀? Ó dáa. Ara rẹ ni màá fi dí i."

Ó na ọwọ́ gígùn rẹ̀ sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi, ó mú ẹran kúrò níbẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń mú ẹran nínú ọbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde, awọ ara kò ya, ẹsẹ̀ mi kàn tín-ín-rín níṣojú mi ni. Ó sọ ọ́ sínú odó, ó ń gún un. Mo fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n ojú tì mí láti pariwo níwájú obìnrin. Mo ní kò dùn mí. Ó ní, "Kì í dùn wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Láti ìgbà náà ni sísáré mi ti yí padà. Mo jẹ iṣu, ara mi gbóná díẹ̀, ó sì tún rẹ̀ mí. Mo mu gààrí, ikùn mi kàn wú ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Àyókù.

Èrò ìlú Àyókù, ikùn wọn wú bí ìkòkò, apá wọn sì rí bí ìgbálẹ̀. Iyán ni wọ́n ń jẹ, wọn kì í jẹ nǹkan mìíràn, iyán funfun láìsí ọbẹ̀. Gbogbo wọn ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ eré tí wọn yóò sá ní ọ̀la. Ọ̀kan ní òun yóò dé ẹ̀yìn òkè kí ìrì tó gbẹ. Òmíràn ní òun yóò ti bọ̀ nígbà náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dìde láìfi ọwọ́ ti ilẹ̀. Asáré ni gbogbo wọn, láti oríṣiríṣi ìlú, tí ebi mú ní ọ̀nà tí wọ́n sì dúró jẹun díẹ̀.

Ọkùnrin kan wọ́ ara rẹ̀ sún mọ́ mi, ó ń wo ìlà ojú mi.

"Ìlà wa jọra," ni ó wí. "Èmi ni Akíngbálà. Èmi ni mo gbé iyọ̀ ìlú wa lọ fún Olórísun, ilé ni mo ń padà sí. Mo kàn ní kí n jẹun díẹ̀ ni, lọ́la ni màá máa lọ. Àbúrò mi Láyẹmí ló ń dúró dè mí nínú kòtò. Jọ̀ọ́, iyẹ̀pẹ̀ ti bá a dé ibo?"

Mo mọ orúkọ yẹn. Ọmọdé ni mí nígbà tí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ ọjọ́ keje lé Láyẹmí lórí, èmi náà bu ẹ̀kúnwọ́ kan dà á. Mo lè purọ́ fún ọkùnrin náà, kò sí ohun tí ì bá ná mi. Ṣùgbọ́n ebi ń pa mí, inú ń bí mi sí ikùn rẹ̀ yẹn.

"Ó ti kọjá orí rẹ̀ láti ogún ọdún," ni mo wí. "Wọ́n ti gbin ilá síbẹ̀. Ilá náà dára."

Ó wò mí. Ó wá bu iyán. "Lọ́la ni màá máa lọ," ni ó wí. Mo fi ẹsẹ̀ ta abọ́ rẹ̀ dànù, mo pè é ní ọ̀lẹ apànìyàn, mo fi í ṣe ẹlẹ́yà títí gbogbo wọn fi ń rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sí àárín wọn, mo jẹ iyán wọn lẹ́ẹ̀mẹta, oorun sì gbé mi lọ. Ìgbà tí mo fi jí, ìdajì ọjọ́ kẹta ti lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹrin ni mo tó dé orísun, ó yẹ kí n ti dé ibẹ̀ láti àná. Olórísun jókòó sórí àpáta, irun rẹ̀ gùn wọ inú omi, ó ń sun itan ẹtu lórí iná. Ó gba iyọ̀, ó tọ́ ọ wò, ó pa ojú dé fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ó lajú, èmi ni ó ń wò.

"Wá níbí," ni ó wí. Ó fi ìka fa ìpéǹpéjú mi sílẹ̀. "Ó funfun bí òwú. Ọkùnrin, ẹ̀jẹ̀ rẹ ti ń tán. Gba itan yìí kí o jẹ ẹ́, ìrọ̀lẹ́ ọ̀túnla ni wàá délé."

Òórùn ẹran náà mú kí itọ́ dà sí àyà mi. Ṣùgbọ́n mo na àyà. Mo ní, "Èmi Ọdẹ́jìmí kì í jẹ ẹran. Ìbúra mi ni."

"Ta ló bẹ̀ ọ́ pé kí o jẹ ẹran? Ohun tó wà nínú ẹran ni ara rẹ ń fẹ́. Ó wà nínú ẹ̀wà, ó wà nínú ẹ̀gúsí, ó kún inú irú. Ẹni tó rán ọ kò ha dì í fún ọ?"

"Àbúrò mi dì í fún mi."

"Ó wà níbo?"

"Mo gbé e kọ́ igi. Ó ń rùn."

Olórísun bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi ìsun fi ń ta sí etí àpáta, títí ó fi dùbúlẹ̀ tó di ikùn mú. Nígbà tí ó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ náà ní ẹnì kan nínú kòtò?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Èmi kò béèrè ènìyàn lọ́wọ́ yín rí. Iyọ̀ ni mo béèrè. Kí ni ẹ ń fi wọ́n ṣe?"

Mo mú òkúta róbótó kan nínú omi, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń sáré. Bí mo ti ń sáré ni mo ń sọ fún ara mi pé bí mo bá ti lè sọ ohun tí mo gbọ́ yìí fún ọba, wọn yóò hú Àṣàkẹ́ jáde kódà bí mo bá pẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi kọjá Àyókù láìdúró.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í wọ inú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ojú mi ń ṣú ní ọ̀sán gangan. Mo rí oko àtijọ́ kan tí tẹ̀tẹ̀ hù sí, mo já a ní tútù, mo jẹ ẹ́ bí ewúrẹ́. Mo fi ìka wa ẹ̀pà tó ṣẹ́kù nínú ilẹ̀, mo jẹ òun náà pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Ara mi rántí nǹkan kan. Ó kéré, ó sì ti pẹ́ jù, ìdajì ọjọ́ ni mo sì fi wa ẹ̀pà tí kò kún igbá kan.

Ní ọjọ́ kẹfà, Ìyá Olódó ń dúró dè mí pẹ̀lú ọmọrí odó lọ́wọ́. Kò pa àlọ́ kankan. Ó wo ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ó wò wọ́n bí ẹni tí kò fẹ́ràn ohun tó kù nínú ìkòkò, ó wá mú ẹran itan mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú obìnrin tí mo ní mi ò ní pariwo níwájú rẹ̀, mo sọkún. Ó ní, "Bí o bá ti dé ìdí igi rẹ, jẹun."

Ìdí igi agbálùmọ̀ yẹn ni gbogbo ìrètí mi. Bí mo ti ń wọ́ ẹsẹ̀ ni mo ń rí róbó níwájú mi, tí itọ́ ń dà lẹ́nu mi. Àárọ̀ ọjọ́ keje ni mo débẹ̀. Ẹ̀ka náà wà níbẹ̀, okùn wà níbẹ̀. Ẹrù kò sí níbẹ̀ mọ́.

Láti ibẹ̀ dé ẹnu bodè, eré tí mo máa ń sá kí omi tó hó lórí iná ni. Mo fi gbogbo àárọ̀ rìn ín. Nígbà tí mo rí bodè, mo rí èrò, mo rí orí Àṣàkẹ́ lórí ilẹ̀, mo rí ọ̀pá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti fi mọ ibi tí oòrùn dé. Òjìji ọ̀pá náà ti kúrú. Mo ṣubú. Mo dìde, mo tún ṣubú, mi ò dìde mọ́. Gbogbo ìlú ń wò mí, tí mo ń fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́, tí òkúta wà lẹ́nu mi. Òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan asáré. Wọ́n pa òfin náà mọ́ dáadáa. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ní, "Ẹ wò ó, Ẹsẹ̀-kò-kanlẹ̀ nìyẹn." Oníbàárà Àṣàkẹ́ ni obìnrin náà, gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń ra irú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́jọ sí ẹsẹ̀ ọba nígbà tí òjìji wọ abẹ́ ọ̀pá.

Mo tu òkúta náà sílẹ̀. Mo ké, "Kábíyèsí, ẹ gbọ́! Olórísun ní òun kò béèrè ènìyàn rí! Iyọ̀ nìkan ni! Ẹ hú u jáde!"

Ọba kò bínú. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ pẹ̀sẹ̀. "A mọ̀, Ọdẹ́jìmí. Àwọn bàbá wa náà mọ̀. Ta ni yóò sáré bí kò bá sí ẹnì kan nínú kòtò?"

Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ iyẹ̀pẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà ìlú wa ni pé onídùúró lè bi asáré ní ìbéèrè kan kí ó tó di pé wọ́n dà á. Mo wọ́ dé iwájú rẹ̀, a kọjú sí ara wa. Ètè rẹ̀ ti bó. Mo rò pé yóò béèrè ohun tó dá mi dúró. Mo rò pé yóò bú mi, mo sì fẹ́ kí ó bú mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, "ṣé ẹ jẹ róbó tí mo dì fún yín?"

Mo ní, "Mo jẹ ẹ́, Àṣàkẹ́. Ó dùn."

"Ẹ ṣeun," ni ó wí. "Ọkàn mi balẹ̀."

Ó yí ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi da iyẹ̀pẹ̀ náà. Mo ń wo ojú rẹ̀ títí mi ò fi rí i mọ́. Ìgbà náà ni mo tó wo ibi tí ó ń wò. Aṣọ òfì aláró ni mo rí nílẹ̀, bí ìgbọ̀nwọ́ méjì sí ibi tí orí rẹ̀ wà, ìdè rẹ̀ kò tíì tú. Àwọn ọdẹ tó ń bọ̀ láti igbó ló rí i lórí igi ní ọjọ́ kejì. Wọ́n mọ̀ pé tirẹ̀ ni, wọ́n gbé e wá fún un, wọ́n gbé e síwájú rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni ó fi ń wò ó.

Àwọn èrò kí ara wọn kú iṣẹ́, wọ́n gba odò lọ, nítorí omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya wálé. Ó ku èmi nìkan níbẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́, wò mí kí n sọ eléyìí fún ọ. Ọkàn mi ń sọkún, mo sì fẹ́ fi ọwọ́ mi wa iyẹ̀pẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbọ́ ti ọkàn mi. Ọwọ́ mi tú aṣọ òfì náà. Mo jókòó sórí àbúrò mi, mo jẹ róbó, mo jẹ kúlíkúlí, mo jẹ irú gbígbẹ ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́, títí ẹrù náà fi tán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo dìde lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo rìn kúrò ní ìlú náà, n kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Ó dùn. Irọ́ tí mo pa fún un, òótọ́ ni.

Ẹ má sọkún sí iwájú ilé mi, mi ò fẹ́ ariwo. Mọ́rẹ́nikẹ́, gba abọ́ yìí. Èkuru ló wà nísàlẹ̀, tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀gúsí ló wà lókè, mo ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Irú inú rẹ̀ pọ̀, mo mọ̀ pé ó ń rùn. Má gbé e lọ sílé. Jókòó síbí kí o jẹ ẹ́ níṣojú mi.